Ta Ni Ó Ń Gbé Orí Àpáta Kúdẹtì? Ìlànà Dídá Láíkìn Orí Òkúta Mọ̀

1. Ìfáárà

Nígbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fi èdè Yorùbá ṣàlàyé díẹ̀ nínú ohun tí mo ti fi ọjọ́ ayé mi kọ́, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Onímọ̀ nípa ewéko ni mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Látìn ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ronú sí i, mo rí i pé ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìbàdàn, àti pé bí n kò bá lè sọ ọ́ ní èdè tí a fi ń ná ọjà ní Ọjàa'ba, á jẹ́ pé èmi fúnra mi kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣe nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Èkíní, n ó ṣàlàyé ohun tí a ń pè ní láíkìn. Èkejì, n ó la ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè tọ̀ láti dá a mọ̀ lórí òkúta, bí kò tilẹ̀ ní yàrá ìwádìí. Ẹ̀kẹta, n ó jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí mo ṣe ní Kúdẹtì ní ọdún 1983, nítorí pé inú àṣìṣe náà ni mo ti kọ́ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró ní Kúdẹtì ná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Kúdẹtì mọ́ odò rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní ọdún 1853. Ìjọ Dáfídì Mímọ́ tí ó ti ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ níbẹ̀, òkúta ti wà. Àwọn òkè tí ó la àárín Ìbàdàn kọjá bí eegun ẹ̀yìn, tí Òkè Mápó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òkúta líle funfun tí a ń pè ní kuọtisáìtì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní àfonífojì àti lẹ́bàá odò, òkúta náìsì, tí ó ní ìlà dúdú àti funfun lára bí aṣọ òkè, ni ó sábà máa ń yọrí jáde nínú ilẹ̀. Orí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn ń gbé.

Ẹ ó ti rí wọn rí. Wọ́n rí rìbìtì rìbìtì lára òkúta, òmíràn ní àwọ̀ eérú, òmíràn funfun, òmíràn rẹ́súrẹ́sú, òmíràn pọ́n bí ẹyin òroǹbó. Ẹni tí ó bá wò wọ́n fìrí yóò ní ọ̀dà ni ó ta sí òkúta lára, tàbí kí ó sọ pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Wọn kì í ṣe ọ̀dà, wọn kì í sì í ṣe ìgbẹ́ ẹyẹ. Ohun abẹ̀mí ni wọ́n.

2. Kí ni láíkìn?

Láíkìn kì í ṣe ẹ̀dá kan ṣoṣo. Ẹ̀dá méjì, ó kéré tán, ni ó para pọ̀ tí ó fi dà bí ọ̀kan. Ẹnì kìíní wá láti inú ìdílé olú, ìdílé kan náà tí ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu ti jáde. Ẹnì kejì jẹ́ ọbẹ̀dò, irú èyí tí a ń rí lára ìkòkò omi àti lórí òkúta odò. Olú kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Ọbẹ̀dò lè ṣe é, ṣùgbọ́n oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ lè tètè gbẹ ẹ́ pa lórí òkúta. Nítorí náà, olú kọ́ ilé, ọbẹ̀dò sì ń dáná nínú rẹ̀. Olú fi ara rẹ̀ bo ọbẹ̀dò, ó ń di omi mú fún un. Ọbẹ̀dò ní tirẹ̀ ń se oúnjẹ, olú sì ń jẹ nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gbé pọ̀ báyìí, wọ́n ń gbé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá gbé fún ìgbà pípẹ́.

Simon Schwendener, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gbé ìmọ̀ yìí kalẹ̀ ní àárín ọdún 1867 sí 1869. Àwọn ògbólógbòó onímọ̀ ayé ìgbà náà kò gbà fún un. William Nylander, ọmọ ilẹ̀ Finland, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ náà, takò ó títí ó fi kú. Lónìí, kò sí ẹni tí ó ń jiyàn ọ̀rọ̀ náà mọ́. Kódà ní ọdún 2016, Toby Spribille àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹnì kẹta, irú ìwúkàrà kan, ń bẹ nínú awọ òde ọ̀pọ̀ láíkìn. Ohun tí a rò pé ó jẹ́ ilé tọkọtaya ti fẹ́ di agboolé. Nǹkan bí 20,000 ẹ̀yà láíkìn ni àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó wà láyé.

Kí ni kí a wá máa pè é ní èdè wa? Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí orúkọ náà ti jáde wá ń tọ́ka sí ohun tí ń hù lára igi, ó sì tún ń tọ́ka sí àrùn ara tí ń ràn káàkiri awọ. Ojú tí àwọn ará Gíríìkì fi wò ó kò yàtọ̀ sí tiwa. Bí mo bá fi èyí tí ó rìbìtì lórí òkúta han àwọn àgbà ní Kúdẹtì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé ó jọ làpálàpá. Ó wù mí nígbà kan láti máa pè é ní làpálàpá àpáta. Ṣùgbọ́n mo jáwọ́, nítorí ìdí méjì. Èkíní, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jọ làpálàpá. Èkejì, àrùn ni làpálàpá, ohun tí a bá sì pè ní àrùn, a ó fẹ́ wò ó sàn ni. Orúkọ bẹ́ẹ̀ yóò mú kí àwọn ènìyàn gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ tì í. Nítorí náà, láíkìn ni n ó máa pè é níbí. Bí ẹ̀yin onímọ̀ èdè bá rí orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ, inú mi yóò dùn láti gbà á lọ́wọ́ yín.

3. Àwọn tí ó jọ ọ́ tí wọn kì í ṣe òun

Ìṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ dá láíkìn mọ̀ ni kí ó mọ ohun tí kì í ṣe láíkìn. Mẹ́ta nínú wọn wọ́pọ̀ ní agbègbè wa.

Èyí tí ó ṣáájú ni àwọn ìlà dúdú gbọọrọ tí ń ti orí àpáta ṣàn wá sí ìsàlẹ̀, bí ẹni pé a da aró sí i lára. Ojú ọ̀nà tí omi òjò ń gbà ni ìlà wọ̀nyí máa ń wà. Ẹ̀dá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ọbẹ̀dò aláwọ̀ aró tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ti kà mọ́ ìdílé bakitéríà báyìí, ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí wọ́n bá dá wà láìsí olú, wọn kì í ṣe láíkìn.

Èkejì ni ohun tí ó pọ́n bí ọsàn tí ó ti pọ́n, tí ó máa ń bo ògiri àti òkúta tí ó wà níbi tí ó tutù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ni ó máa ń sáré pè é ní láíkìn. Ọbẹ̀dò ni, Trentepohlia ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Láti inú ìdílé ọbẹ̀dò aláwọ̀ ewé ni ó ti wá, ṣùgbọ́n irú ohun kan náà tí ó ń mú kí epo pupa pọ́n wà nínú rẹ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ ewé rẹ̀ kò fi hàn. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà díjú ni pé Trentepohlia kan náà yìí a máa bá olú gbé nínú ọ̀pọ̀ láíkìn ilẹ̀ olóoru. Bí ó bá dá wà, ńṣe ni ó rí bí òwú tàbí bí aṣọ onírun: kò ní etí tí ó ṣe gúnmọ́, bí a bá sì fi ìka pa á, a máa bọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìpata irin inú òkúta fúnra rẹ̀, tí ó máa ń fi àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀. Ìyẹn kò lẹ́mìí rárá. Bí a bá fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, a kò ní rí ohunkóhun tí ó ga ju ojú òkúta lọ.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ mi ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun dúdú àti láíkìn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìyá kan ni, tí ó ń fi òòlù fọ́ òkúta tà fún àwọn tí ń kọ́ ilé ní ẹ̀bá odò Kúdẹtì. Mo ń gun àpáta kan lọ nígbà náà, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀. Ìyá yìí kọ́kọ́ kí mi kú ewu, lẹ́yìn náà ni ó ní: "Ọmọ mi, ibi tí ó dúdú yẹn ni kí o má tẹ̀. Òun ni í máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ibi tí ó ní eléwu yìí kì í yọ̀ ní tirẹ̀, òun ni àwa ń tẹ̀." Mo ti ka ìwé púpọ̀ kí n tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ fún mi pé àtẹ́lẹsẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ tí ojú kò tíì rí.

4. Ìbéèrè márùn-ún tí a ó bi òkúta

Bí ó bá ti dá wa lójú pé láíkìn ni ohun tí ó wà níwájú wa, ìbéèrè márùn-ún ni kí a fi wá orúkọ rẹ̀. Kí a bi wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, kí a sì kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí a dúró sí.

Ìbéèrè kìíní: irú òkúta wo ni, níbo ni ó sì wà? Àwọn tí ń gbé orí kuọtisáìtì lè yàtọ̀ sí àwọn tí ń gbé orí sìmẹ́ǹtì, nítorí pé ẹfun wà nínú sìmẹ́ǹtì. Bákan náà ni èyí tí ó wà nínú oòrùn gangan kò rí bí èyí tí ó wà lábẹ́ igi.

Ìbéèrè kejì: báwo ni ìrísí rẹ̀ ti rí? Ọ̀nà mẹ́rin ni mo pín ìrísí wọn sí. Èyí tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta pátápátá, tí a kò lè ṣí i láìfọ́ òkúta, mo ń pè é ní eléèépá, nítorí ó dà bí èépá ojú egbò. Èyí tí ó jẹ́ ìpẹ́ kéékèèké, onípẹ̀ẹ́ ni. Èyí tí ó tẹ́ bí ewé, tí etí rẹ̀ pín sí ẹ̀ka ẹ̀ka, tí abẹ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí òkè rẹ̀, eléwé ni. Èyí tí ó dìde dúró tàbí tí ó so rọ̀ bí irùngbọ̀n, ẹlẹ́ka ni. Lórí òkúta ìlú bíi ti Kúdẹtì, eléèépá àti eléwé tí ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ ni ẹ ó máa rí jù. Àpẹẹrẹ onípẹ̀ẹ́ ni Peltula, tí àwọn onímọ̀ ti rí lórí àwọn àpáta ńláńlá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé gbígbẹ ni ó ní, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ òkúta, bí ìgbà tí ìwọ́ so ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta: àwọ̀ wo ni ó ní bí ó bá gbẹ, àwọ̀ wo ni ó sì ní bí ó bá tutù? Ẹ kán omi díẹ̀ sí i. Bí ó bá ní ọbẹ̀dò aláwọ̀ ewé nínú, awọ òde rẹ̀ yóò di ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, àwọ̀ ewé inú rẹ̀ yóò sì yọ. Ìdí nìyí tí àpáta tí ó jọ eérú ní ìgbà ọyẹ́ fi máa ń rí tútù yọ̀yọ̀ ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Kì í ṣe pé ohun tuntun hù. Àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ ni ó jí.

Ìbéèrè kẹrin: kí ni ó fi ń bí sí i? Ẹ fi awò wò ó dáadáa. Àwọn kan ní àwo wẹ́wẹ́, dúdú tàbí pupa, tí irúgbìn olú ti ń fò jáde bí eruku. Àwọn mìíràn ní ìyẹ̀fun lára, tí olú àti ọbẹ̀dò jọ wà nínú ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí afẹ́fẹ́ tàbí omi lè gbé lọ tẹ ibòmíràn dó. Òmíràn ní ìka wẹ́wẹ́ tí ń ṣẹ́ bọ́. Bóyá ìyẹ̀fun náà wà ní etí ni o, tàbí ó wà ní àárín, ó ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni ó ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìbéèrè karùn-ún: kí ni ó wà ní abẹ́ rẹ̀ àti nínú rẹ̀? Eléwé lè ní okùn wẹ́wẹ́ bí gbòǹgbò ní abẹ́, ó sì lè má ní. Ní ti inú rẹ̀, Nylander tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀kán oògùn láti fi dá láíkìn mọ̀ ní ọdún 1866. Bí a bá kán pótásì líle ti yàrá ìwádìí sí àwọn kan lára, wọn a di òféèfèé tàbí kí wọ́n pọ́n. Àwọn mìíràn kò ní yí padà. A tún lè lo omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun. Àwọn iyá wa tí ń fi eérú ṣe ọṣẹ dúdú mọ agbára pótásì: ó lè jó ọwọ́, ó sì lè fọ́ ojú, nítorí náà ẹ fi ìṣọ́ra lò ó. Lẹ́yìn èyí ni iná kan tí ojú wa kò lè rí, tí í máa mú kí àwọn láíkìn kan tàn nínú òkùnkùn. Àwọn tí ń gba owó ní báńkì àti ní ilé ìtajà mọ irú iná bẹ́ẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń mọ náírà ayédèrú. Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ọn.

Bí ìdáhùn márààrún bá ti pé, orúkọ ni ó kàn. Orúkọ Látìn méjì ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní. Èyí tí ó ṣáájú dà bí orúkọ agboolé, èyí tí ó tẹ̀ lé e dà bí orúkọ àbísọ. Ní Ìbàdàn, bí a bá pàdé àjèjì, agboolé rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń béèrè. Bí a bá mọ agboolé, ṣùgbọ́n tí a kò tíì mọ orúkọ ẹni náà, a kì í torí bẹ́ẹ̀ fún un ní orúkọ tí ó wù wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a ṣe fún láíkìn. Kí a dúró níbi tí ẹ̀rí wa dúró sí.

5. Àṣìṣe mi ní Kúdẹtì

Mo ti wá dé ibi ìjẹ́wọ́ mi báyìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1983, lẹ́yìn tí òjò ti dá, mo padà lọ sí àpáta tí ìyá yẹn ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Láíkìn eléwé kan wà níbẹ̀, àwọ̀ eérú, rìbìtì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó lẹ̀ mọ́ òkúta típẹ́típẹ́, ó sì ní ìyẹ̀fun lára. Mo fi òòlù gé èérún òkúta kan tí kò ju ìka mẹ́ta lọ kúrò ní etí rẹ̀. Mo dé ilé, mo ṣí ìwé kan tí ó ní àwòrán, mo rí èyí tí ó jọ ọ́, mo sì kọ Dirinaria sí ara àpò rẹ̀. Dirinaria wọ́pọ̀ káàkiri ilẹ̀ olóoru, nítorí náà n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. N kò wo abẹ́ rẹ̀. N kò kán ohunkóhun sí i. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo bi í, mo sì fi ìgbéraga dáhùn ẹ̀karùn-ún.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibẹ̀, tí mo ń nawọ́ sí gbogbo ohun rìbìtì aláwọ̀ eérú, tí mo ń wí pé, "Dirinaria nìyí." Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Àwọn kan nínú wọn ti di olùkọ́ báyìí, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2019, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń bá mi to àwọn àpò àtijọ́ mú iná kékeré tí wọ́n fi ń yẹ náírà wò jáde nínú àpò rẹ̀. Ó fi ṣeré ni o. Ó pa iná yàrá, ó sì ń tàn án sí èérún òkúta kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti dé orí tèmi ti Kúdẹtì, gbogbo ojú láíkìn náà tàn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òdòdó ewúro-ọ̀sán. Ara mi bù máṣọ. Dirinaria kì í tàn bẹ́ẹ̀. Agboolé kan wà tí ó jọ ọ́ púpọ̀, Pyxine ni orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ ni a ti ń rí àwọn ẹ̀yà tí ó ní èròjà kan, lichexanthone, tí í máa tàn bẹ́ẹ̀ nínú awọ òde. Mo kán pótásì sí i: Dirinaria ì bá di òféèfèé, èyí kò yí padà. Mo fi abẹ́rẹ́ ṣí etí rẹ̀ díẹ̀: okùn wẹ́wẹ́ dúdú wà ní abẹ́ rẹ̀, Dirinaria kò sì ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí mẹ́ta ni ó pe mí lópùrọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Kúdẹtì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn yòókù tí mo ti ń nawọ́ sí láti ọjọ́ yìí, Pyxine ni gbogbo wọn, tàbí Dirinaria ni àwọn kan nínú wọn lóòótọ́, nítorí pé àwọn méjèèjì lè jọ gbé orí òkúta kan. N kò bá àpáta náà mọ́. Wọ́n ti fọ́ ọ tán. Ó ti di ìpìlẹ̀ ilé àti òpó ilé. Mo béèrè ìyá olókùúta; wọ́n ní ó ti di olóògbé.

N kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó fọ́ òkúta. Ìyá yẹn fi òkúta rán ọmọ níwèé. Èmi ni mo ní ogójì ọdún, díẹ̀ ni ó dín, láti bi ìbéèrè karùn-ún, tí n kò bi í. Bí a bá ṣírò pé irú láíkìn bẹ́ẹ̀ ń fi mílímítà 2 fẹ̀ sí i ní ìhà kọ̀ọ̀kan lọ́dún, èyí tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 yóò ti lo ọdún 25 lórí òkúta. Ẹni tí ó bá fọ́ ọ lónìí kò lè rí irú rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀.

Ohun kan ni ó yọ mí. Mo tọ́jú èérún náà. Ká ní orúkọ nìkan ni mo kọ sínú ìwé tí mo sì da òkúta nù ni, irọ́ mi ì bá ti di òtítọ́ títí ayé. Mo ti tún àpò náà kọ. Pyxine ni mo kọ sí i báyìí, n kò kọ orúkọ àbísọ, títí ẹni tí ó mọ agboolé náà jù mí lọ yóò fi gé e wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Orúkọ àtijọ́ ṣì wà lára àpò náà; mo fi ìlà kan ṣoṣo fà á kọjá ni, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí mo ti ṣìnà.

6. Kí ni orúkọ yìí wúlò fún?

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí ó ṣe Dirinaria, bí ó ṣe Pyxine, èwo ni ó kan ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀.

Láíkìn kò ní gbòǹgbò tí ń mu omi nínú ilẹ̀. Inú afẹ́fẹ́, eruku àti òjò ni ó ti ń rí ohun gbogbo tí ó nílò, kò sì ní ọ̀nà tí ó fi lè yàgbẹ́ èyí tí kò dára dànù. Ohun tí a bá ń mí símú nínú ìlú ń kó jọ sí i lára. Ní ọdún 1866 kan náà, Nylander ṣàkíyèsí pé àwọn láíkìn tí ó wà ní ọgbà Luxembourg ní ìlú Paris kò sí ní àwọn apá ibòmíràn nínú ìlú náà, ó sì ní afẹ́fẹ́ ni ó fà á. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn mọ̀ pé gáàsì imí-ọjọ́ tí ń ti inú èédú jíjó jáde ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1970, Hawksworth àti Rose fi láíkìn ara igi ṣe òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni pé a lè mọ bí afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́ tó nípa mímọ ẹni tí ó ṣì wà láàyè.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò wúlò bí a kò bá mọ orúkọ. Ẹ̀yà kan ń kú, ẹ̀yà mìíràn ń fara dà á. Ní ilẹ̀ India, ẹ̀yà Pyxine kan, Pyxine cocoes, ni àwọn onímọ̀ ń lò láti fi wá òjé àti àwọn irin olóró mìíràn nínú afẹ́fẹ́ ìlú, nítorí pé ó lè gbé inú èéfín. Ẹni tí ó bá mú èsì tiwọn, tí ó fi wé ohun tí ó rí lára Dirinaria, tí ó rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, yóò sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìlú.

Nísinsìnyí ni mo wá mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi. Ní ọdún 1983 tí mo gé èérún yẹn, òjé wà nínú epo bẹntiróòlù tí gbogbo ọkọ̀ ń jó láti Bẹẹrẹ títí dé Mọ́lété. Nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé, Áfíríkà ti gúsù Sàhàrà ti dẹ́kun àti máa lo epo olójé. Láíkìn inú àpò mi mí afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ti ayé òjé. Bí a bá rí ọmọ ìyá rẹ̀, ẹ̀yà kan náà gan-an, lórí òkúta kan ní agbègbè náà lónìí, a lè fi àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n, kí a mọ ohun tí àwọn ọmọ wa ń mí símú yàtọ̀ sí èyí tí àwa mí. Bí a kò bá mọ orúkọ àwọn méjèèjì dájú, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

7. Ìkádìí

Kí n tó jókòó, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́rin. Bí ẹ bá rí láíkìn lórí òkúta, ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì fi owó ẹyọ tàbí rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ti tóbi tó. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ mú nínú rẹ̀, èyí tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ti tó. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, irú òkúta àti orúkọ ẹni tí ó mú un sí ara àpò bébà, kí ẹ má ṣe fi ọ̀rá wé e, kí ó má baà bu. Paríparí rẹ̀, ẹ kó o lọ sí ibi tí wọn yóò ti tọ́jú rẹ̀. Ní Ìbàdàn níbí, a ní ibi ìkó-ewéko-pamọ́ ní Yunifásítì, a sì ní òmíràn ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ẹ̀rọ alágbèéká ya àwòrán láíkìn báyìí, ẹ̀rọ náà a sì dárúkọ kíá. N kò ní kí wọ́n má ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí èmi fi ìwé alaworan mi ṣe ní ọdún 1983: ó wo ojú, kò wo abẹ́. Kí wọ́n gba orúkọ tí ó bá dá bí ìbéèrè, kí wọ́n má gbà á bí ìdáhùn.

Àpáta tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ ti lọ, ẹni tí ó kọ́ mi níbẹ̀ náà ti lọ. Òkúta mìíràn ṣì kù lẹ́bàá odò Kúdẹtì àti ní ẹsẹ̀ Òkè Mápó. Ní ọ̀la, bí ojúmọ́ bá mọ́ wa ire, èmi àti ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá lè rìn yóò lọ síbẹ̀. Ẹ mú awò dání, ẹ mú omi díẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ ibi tí ó bá dúdú.